Láàárín Rọ́bà Kẹta àti Ìkẹrin

…pé Bàbá ló pè mí, kì í ṣe èmi ni mo pè é. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Hajarat, ṣé o rí i, bàbá ọkọ mi ló yọ sí mi lọ́nà, ó ní kí n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà òun, mo ní — rárá. Ó ti gùn jù. Kò ní dúró gbọ́ ọ tán. Bàbá ló gbé mi gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe wí i. Gbólóhùn kan péré. Mo ti ń tún un wí láti nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sẹ́yìn, kò tíì dùn létí mi rí.

Èémí mi ń lọ déédéé. Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Ó yẹ kí àyà mi máa já, ó yẹ kí n ti bú sẹ́kún, àmọ́ ńṣe ni mò ń wo ara mi bí ẹni tó jókòó síwájú ilé tó ń wo ará àdúgbò tó ń kọjá lọ. Mujeebat nìyẹn, ìyá Amirat, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta láyà, ó ń sáré ẹlẹ́mìí ẹṣin bọ̀ láti Ìlọ́fà, Ọ̀sì ló ń lọ. Òun ló ṣíwájú gbogbo obìnrin. Ó mà ṣe o.

Pátákó kan ń bọ̀ níwájú… Méjìdínlógójì. Ó ku kìlómítà mẹ́rin àti díẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà nínú bàtà mi, ti ẹsẹ̀ òsì. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà ló ti wọ ibẹ̀, ó sì ń gún mi ní gìgísẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kí n dúró yọ ọ́? Bí mo bá dúró, Hajarat á bá mi. Bí Hajarat bá bá mi, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kó máa gún mi lọ.

Rọ́bà mẹ́rin ló wà ní ọrùn ọwọ́ mi. Rọ́bà yẹn náà ni o, èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá. Àwọn tíṣà tó ṣètò eré yìí ò ní ẹ̀rọ kankan tí yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Ibi omi mẹ́rin ni wọ́n tò sójú ọ̀nà. Bí o bá dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún ẹ lómi, wọ́n á sì fi rọ́bà kan bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Dúdú, yẹ́lò, pupa, àwọ̀ ewé. Ẹni tí rọ́bà ẹ̀ bá pé mẹ́rin ló sá eré pé. Tèmi pé. Ọ̀kadà gbé mi lẹ́yìn pupa, ó já mi sílẹ̀ kí n tó dé àwọ̀ ewé. Láàárín rọ́bà kẹta àti ìkẹrin, kò sẹ́ni tó rí wa. Èmi, Bàbá, àti iṣu inú àpò tí Bàbá gbé síwájú.

“Obìnrin àkọ́kọ́! Màmá, ẹ má dúró o!” Ọkùnrin tó fi rọ́bà kẹrin bọ̀ mí lọ́wọ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó fò sókè. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí ló mú mi rẹ́rìn-ín?

Kí n tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má bàa dà á pọ̀. Ní ibi omi kẹta, ní ìsàlẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn Ìdòfin, pajápajá mú Princess. Princess ló kéré jù nínú wa mẹ́ta tí a jọ wọ ọkọ̀ wá láti Ìlọrin, aránṣọ ni, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó ṣubú sídìí tábìlì omi, ó di ẹsẹ̀ mú. “Àǹtí Hajarat, mo kú o! Ẹsẹ̀ mi ti lọ!” Hajarat kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ra á. Ó gbójú sókè wò mí. “Máa lọ, Mujì. Màá bá ẹ.” Mo lọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn kọ́nà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n so okùn bàtà mi, ni Bàbá bá fi ọ̀kadà yọ láti inú igbó.

Báwo ni mo ti máa ṣe é tí mi ò ní kúnlẹ̀? Bàbá tó bí ọkọ mi! Lórí ọ̀dà gbígbóná, pẹ̀lú ṣòkòtò eré ìdárayá tó lẹ̀ mọ́ mi lára, lẹ́yìn kìlómítà mẹ́rìnlélógún, mo fi eékún méjèèjì gúnlẹ̀. Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Bàbá pa ọ̀kadà. Ẹnu yà á.

“Ìyàwó wa? Kí ló dé? Ta ló ń lé ọ?”

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi, eré la ń sá.

“Eré kẹ̀? Sulaiman ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ará ulé ńkọ́?”

Mo ní gbogbo wọn wà dáadáa.

“Bí wọ́n bá wà dáadáa, kí lo wá ń sá fún? Dìde, jàre. Gun ẹ̀yìn.”

Gun ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò gbé níhìn-ín rí á ní kí ló dé tí mi ò kọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá nìyí tí mo ti jẹ́ ìyàwó ilé wọn, kò sí ọjọ́ kan tí Bàbá rí mi lójú ọ̀nà tí kò gbé mi. Bó ṣe rí níbí nìyẹn. O ò lè máa fẹsẹ̀ rìn kí ará ilé ẹ máa gun ọ̀kadà kọjá lára ẹ, wọ́n á ní ìjà wà nílẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ìyàwó ilé ló sọ pé òun ò gùn, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí nìyẹn. Ní ọdún tí mo bí Amirat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Sulaiman ní òun fẹ́ kàn na ẹsẹ̀ díẹ̀, òun ò gun ọ̀kadà Bàbá. Títí di òní olónìí ni wọ́n ṣì ń bi í pé kí ni Bàbá fi ṣe é. Nítorí náà mo gùn. Ta ni kò ní gùn?

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò lè ju márùn-ún lọ. Òkè tí a ti ń bẹ̀rù láti inú oṣù kẹta, tí Hajarat máa ń fi ìka yà sórí tábìlì fún wa, tí ó ń sọ pé ibí ni kí a ti rọra, ibí ni kí a má wòkè… Bàbá gùn ún bí ẹni ń lọ sẹ́yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú. Bàbá ń bi mí pé ibo ni Amirat kéwú dé, mo ń dá a lóhùn. Lókè, ó já mi sílẹ̀ lórí yanrìn, ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Ó ní kí n má gbàgbé láti yà kí Màmá, ìyá ọkọ mi, bí mo bá ń padà. Ó yà sí ọ̀nà abà láti já iṣu ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sílé. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti ń bojú wẹ̀yìn? Lórí gegele tó wà lọ́hùn-ún, nǹkan aláwọ̀ ojú ọ̀run kan ń bọ̀. Híjáàbù Hajarat ni. Ó ti sún mọ́ mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sáré, kì í yára, kì í dúró. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gun òkè náà, ó ti ra ẹsẹ̀ Princess, ó sì tún ń bá mi bọ̀.

Kì bá tí dùn mí tó báyìí, ká ní kì í ṣe ti ògiri yẹn. Àbí ó tiẹ̀ ń dùn mí? Mi ò mọ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kó dùn mí, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Ògiri. Ní Ọ̀sì, níbi tí eré yìí ti máa parí, ògiri funfun kan wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Kò sí ife ẹ̀yẹ nínú eré wa. Orúkọ ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ dé àti ti obìnrin tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà dúdú kọ síbẹ̀, lọ́dọọdún, lójú gbogbo ìlú. Japhet tó ń kọ pátákó ló máa ń kọ ọ́. Ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, èmi àti Japhet jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta. Á ti po ọ̀dà ẹ̀ báyìí. Á ti gun àga. Lẹ́tà ńláńlá ló máa fi kọ mí. Inú ẹ̀ á dùn pé ọmọ ìlú ni. Ìyá mi á jáde wá wò ó…

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí wọ́n ń fi pè yín.”

Ìlọrin nìyẹn o, lábẹ́ igi dongoyárò, ní àárọ̀ Sátidé kan tí a sáré tán. Hajarat ló sọ ọ́. Ọ̀rá omi wà lẹ́nu ẹ̀. “Ìwọ, Ìyá Amirat. Lágbájá, Ìyá Naheem. Èmi, orúkọ mi nìkan ni mo ní. Mo fẹ́ rí i lára ògiri yẹn, Mujì.” Kò sunkún. Ó wí i bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ lọ ra ata. Ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn tó ti wà nílé ọkọ, kò bí. Kò dárúkọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún mi rí kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sì tún un sọ mọ́. Princess ní, “Àǹtí, a máa kọ ọ́, a sì máa fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì!” A rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, ó fi ìṣẹ́jú méjì ṣe ìkejì. Ìṣẹ́jú méjì.

Èmi ni mo sì mú wọn wá síbí. Àwọn eré míì wà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀dà tó dán. Èmi ni mo ń sọ lójoojúmọ́ pé ẹ wá sí ìlú mi, ẹ wá wo òkè wa, ẹ wá jẹ iyán gidi. Eré tó le jù tí a lè rí, mo mú un fún wọn. Mo wá gun ọ̀kadà nínú ẹ̀.

Ó dáa. Kí n ronú bí àgbà. Mo lè rọra rìn kí ó kọjá mi. Kò ní kọjá. Á dúró, á dì mí lọ́wọ́ mú, á ní, “Sá lọ, ìlú ẹ ni, ó tọ́ sí ẹ.” Mo mọ̀ ọ́n. Á máa tì mí lẹ́yìn títí dé ibi ògiri. Á pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo lè díbọ́n pé pajápajá mú mi. Á kúnlẹ̀. Kò lè ṣe kó má kúnlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan bó ṣe gbé ti Princess, á sì máa ra á títí ọmọbìnrin gíga tó wá láti Erúkú yẹn á fi kọjá àwa méjèèjì. Mo rí ọmọbìnrin náà lẹ́yìn Hajarat ṣáájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bí nǹkan míì.

Mo lè dákẹ́. Kí n dé, kí wọ́n kọ ọ́, kí n padà sí Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó máa bi Bàbá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bi í, á ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé ìyàwó mi, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Bí mo bá sì sọ, orúkọ Bàbá ni wọ́n máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Alhaji Abdulkareem, ẹni tí gbogbo Ìdòfin ń bọ̀wọ̀ fún, wọ́n á ní òun ló ba eré ìlú jẹ́. Ẹ wò ó, nítorí Bàbá ni mo ṣe ń dákẹ́. Ó dára. Ó tiẹ̀ dùn létí. Mò ń to àwáwí bí ẹni ń to iṣu sí abà, ọ̀kan lórí èkejì, mo sì ń wò ó pé ó tò.

Òkúta yìí! Yéè.

Mò ń tiro. Ẹ̀jẹ̀ ni àbí òógùn ló ń rìn nínú bàtà mi? Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ sáré báyìí. Oòrùn ti gbóná. Ọkùnrin kan jókòó síwájú ilé ẹ̀, ó ń juwọ́ sí mi, mo juwọ́ padà. Mo dẹ̀ rántí… kí ni mo rántí? Òwúrọ̀. Ìlọ́fà ní òwúrọ̀ yìí, kí a tó gbéra. Hajarat ló so okùn bàtà fún gbogbo wa. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni, ọmọ ọlọ́mọ ló ń so bàtà fún láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Ó ní a ò mọ̀ ọ́n so. Á kúnlẹ̀ síwájú ẹ, á fà á le, á ta á ní kókó méjì, á wá ti imú okùn bọ abẹ́. Kò sẹ́ni tó lè tú u àfi òun. “Àǹtí, bí mo bá kú lórí òkè yẹn, ẹ wá bọ́ bàtà mi o, torí wọ́n máa sin mí tòun tẹ̀.” Princess ni, ta ló tún lè sọ bẹ́ẹ̀. Hajarat gbá a lórí. Ó gbá bàtà mi náà pẹ́pẹ́, bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀. “Ó ti parí. Máa lọ.”

Ogójì. Pátákó ogójì. Afárá kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní etí kọnkéré. Mi ò lè tẹ ẹsẹ̀ yìí mọ́. Mo jókòó. Ẹ ò rí i, mo ti jókòó. Ìṣẹ́jú kan, kí n yọ òkúta, kí n máa lọ. Ìṣẹ́jú kan ò tó kí ó bá mi.

Okùn ò tú. Mo ń fi èékánná wá imú ẹ̀, mi ò rí i. Ó wà lábẹ́. Ó ta kókó méjì, ó le, imú okùn sì wà lábẹ́, bí Hajarat ṣe…

Ẹ dúró.

Bí Hajarat ṣe so ó ní òwúrọ̀. Kókó Hajarat ni. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kókó Hajarat. Kò sí èyí tó tú. Kò sí èyí tí ọwọ́ mi kàn.

Nígbà náà, okùn wo ni mo so ní ẹnu ọ̀nà oko?

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dá mi lójú. Mo na ọwọ́ sí bàtà. Ọ̀dà ni mo ń wò. Mo sì ń… mò ń tẹ́tí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti wo aago ọwọ́ mi. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Sátidé. Bàbá kì í kọjá aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lóko ní Sátidé, gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀, torí ìgbà yẹn la máa ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ dè é. Ọ̀nà oko ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kadà ẹ̀ máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra, kò sí ọ̀kadà míì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìdòfin. Mo gbọ́ ọ nínú igbó. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Òkè wà níwájú mi. Mo gbọ́ ọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo dúró dè é.

Kí ó tó ní kí n gùn, mo ti gùn. Eékún tí mo gúnlẹ̀, “eré la ń sá” tí mo sọ, gbogbo ẹ̀ kàn jẹ́ kí a lè rí nǹkan sọ ni. Bí Bàbá bá kọjá láìdúró, mo rò pé ǹ bá ké pè é.

Ojú ń tì mí. Háà, ó ti dé wàyí. Ojú ń tì mí, ọrùn mi ń gbóná, omi ń dà lójú mi. Hajarat ń ra ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn kọ́nà lọ́hùn-ún, èmi ń tẹ́tí sí ọ̀kadà.

Ìró ẹsẹ̀. Pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́. Kì í yára, kì í dúró. Híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run ti yọ ní kọ́nà. Ó ti rí mi. Ó ti ń juwọ́. Á bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Á wo bàtà mi, á sì fẹ́ kúnlẹ̀ bá mi tú u. Bàbá ló — rárá. Ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Mo gùn ún. Mo dúró de ọ̀kadà, mo sì gùn ún. Ó kúrú. Kò dùn létí, àmọ́ òun nìyẹn.

Kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún mi lónìí. Kí n dìde kó tó dé. Mo ń dìde. Òkúta ṣì wà níbẹ̀.

Máa lọ, Hajarat. Mi ò ní bá ẹ.